Ẹ́ńjìnì bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì: ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìkòròdú ni mo gbé ọkọ̀ mi lọ kí wọ́n lè bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì. N kò tíì kọjá Ògólóńtò tí iná pupa ọ́ìlì fi tàn níwájú mi; mo dúró lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnì ti ń dún bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Mẹkáníìkì mìíràn wo abẹ́ rẹ̀, ó ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń dí ihò ọ́ìlì ti já bọ́, ẹ́ńjìnì sì ti nọ́ọ̀kì. Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ní ọkọ̀ tó bá ti jáde ní ọgbà àwọn kò kan àwọn mọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé n kò lè rí wọn mú?

Bàbá Ìtàmágà: Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mójú tó, sọ pé ẹni tó gba dúkìá oníbàárà láti ṣiṣẹ́ lé e lórí gbọ́dọ̀ dá a padà ní ipò tí kò burú ju bó ṣe gbà á lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rìsíìtì kò sì lè bo àìbìkítà tó pọ̀jù mọ́lẹ̀. Ẹ̀rí ni kí ẹ dì mú: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnì náà kí ẹ tó ya àwòrán ihò yẹn àti ọ́ìlì tó ta sí abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì pe àwọn tó ṣiṣẹ́ náà wá wò ó níṣojú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Ẹni tó bá yára ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀, tó sì ta ti àtijọ́ fún àwọn onírin àlòkù, kí ni yóò fi hàn?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀tì tó bọ́ ni ẹ̀bi ẹni tó dè é, nítorí pé inú ihò náà lè ti jẹ kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àmọ́ ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ tí kò sọ fún olówó ọkọ̀, ẹjọ́ tirẹ̀ ni.

Àǹtí Sábó: Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ dárúkọ iye tí ẹ ń bèèrè, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀fẹ́ ni ìlàjà wọn. Ilé ẹjọ́ owó kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 kì í gbọ́ ohun tó bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, owó tí iye rẹ̀ ti dájú, bíi gbèsè, ló sì wà fún. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ lọ fún ìlàjà ná: bí wọ́n bá fọwọ́ sí iye kan níbẹ̀, ó ti di gbèsè nìyẹn.

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè fi owó tí mo fi wọ́ ọkọ̀ náà kún un?

Àǹtí Sábó: Ẹ fi kún un, bí rìsíìtì rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín.