Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ "social norm"? Àṣà kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí a pe "social norm" ní "àṣà àwùjọ" nínú ìwé ìlanilọ́yẹ̀ nípa ìtọ́jú àyíká tí à ń túmọ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà, n kò fara mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá pín in sí méjì: ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe, àti ohun tí wọ́n gbà pé ó tọ́. "Àṣà" po méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ọgbà Petrified Forest ní Arizona, l'Ámẹ́ríkà. Igi ayé àtijọ́ tó ti di òkúta ló kún ibẹ̀, àwọn tó wá wòran a sì máa jí i sápò. Robert Cialdini, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́n ègé igi tí wọ́n ti sàmì sí sójú ọ̀nà, wọ́n wá ń pààrọ̀ pátákó. Nígbà tí pátákó ní ọ̀pọ̀ àlejò ti kó igi lọ, nǹkan bí 8 nínú 100 ègé ló wọgbó. Nígbà tó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mú un, kò tó 2. Pátákó àkọ́kọ́ rò pé òun ń bá olè wí. Létí olè, ìwé ìpè ni.

Ẹnìkan ní ká fi "burúkú" kún àṣà, ó ti parí. Kò parí o. "Àṣà burúkú ti gbilẹ̀, gbogbo ará àdúgbò ló ń da ilẹ̀ sójú àgbàrá": ohun tí èmi gbọ́ níbẹ̀ ni "gbogbo ará àdúgbò". (Da ilẹ̀ ti pàǹtírí ni mo wí, kì í ṣe ti ọ̀dàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò jìnnà síra.)

Fún àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe, "ìṣe-ẹgbẹ́" ni mo mú wá. Ẹ má sọ pé "ìṣe-ọ̀pọ̀". Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008 lórí aṣọ ìnura òtẹ́ẹ̀lì fi hàn pé àlejò tó gbọ́ pé àwọn tó ti sùn nínú yàrá tirẹ̀ gan-an tún aṣọ ìnura lò gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó gbọ́ nípa àlejò òtẹ́ẹ̀lì lápapọ̀. Ẹgbẹ́ ẹni nìyẹn, kì í ṣe èrò ọjà.

Ìkejì, ìyẹn ohun tí wọ́n gbà pé ó tọ́, ló le. "Èèwọ̀" mọ kíkọ̀ nìkan, "òfin" ń mú ọlọ́pàá wá sọ́kàn, "ìfọwọ́sí" sì ti di ti ọ́fíìsì. Èmi á fi í sílẹ̀ bí àpólà: "ohun tó tọ́ lójú ẹgbẹ́". Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá.