Orin ìgbà ìrúwé wo ni kí n kọ́ ọmọ mi kó tó wọ ìwé kìíní ní Japan?

Ìyá Morẹ́nikẹ́:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìlú kékeré kan ní Saitama là ń gbé. Oṣù kẹrin tó ń bọ̀ yìí ni ọmọbìnrin mi máa wọ ìwé kìíní. Oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò ní jẹ́lé-ó-sinmi níbí, torí Abẹ́òkúta ló wà lọ́dọ̀ màmá mi tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ́ àwọn orin ìrúwé láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn ìyá wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo lọ mú un, mo bá wọn lẹ́nu orin. Mo rí i tó ń lanu, tó ń padé, bíi pé òun náà ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Sakura Sakura nìkan ni mo mọ̀. Mo fi kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní orin náà ń ṣe òun bíi kí òun sunkún. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Èwo ni wọ́n ń kọ níléèwé gan-an?

Ìyá Ìbejì, Niigata:

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé ní Niigata, Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú ló sì ti gba iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá níṣojú mi. Gbogbo orin yìí ni mo bá wọn kọ́ nídìí ààrò.

Fi Sakura Sakura sílẹ̀ ná. Etí ọmọ rẹ kò tàn án jẹ. Láti ayé Edo, kó tó di 1868, ni wọ́n ti ń fi orin yẹn kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta koto, ohun èlò orin olókùn ti Japan, bí ohùn rẹ̀ sì ṣe súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí láwọn ibì kan ló ń jẹ́ kó dùn bí arò. Ìwé kẹrin ni wọ́n fi sí níléèwé. Ìjọba ya orin 4 sọ́tọ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 24 láti ìwé kìíní dé ìkẹfà.

"Haru ga kita" ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ ìwé kejì ló wà fún, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ó ní lílé, ó ní ègbè, bíi tiwa. Ìrúwé dé, ìrúwé dé, ibo ló dé sí? Ìwọ ni kí o bèèrè: "Doko ni kita?" Òun ni kó dáhùn: "Yama ni kita, sato ni kita, no ni mo kita." Ó dé sórí òkè, ó dé sí abúlé, ó dé inú pápá pẹ̀lú. Ní ẹsẹ kejì, òdòdó ló ń tanná, ní ẹsẹ kẹta, ẹyẹ ló ń ké. Òkè, abúlé àti pápá yẹn náà ló ń padà wá. Bó bá ti mọ ẹsẹ kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti 1910 ló ti wà nínú ìwé orin ọmọ iléèwé. Takano Tatsuyuki ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, Okano Teiichi ló fi ohùn sí i. Gbólóhùn kejì gun òkè ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà gbé ọwọ́ rẹ dé àyà ní àkọ́kọ́, kí o gbé e kọjá orí ní èkejì. Ọwọ́ rẹ ni yóò máa wò, kò níí rántí ìtìjú.

Èyí tí mo tún fẹ́ kó mọ̀ dáadáa ni "Hiraita hiraita". Ọ̀kan nínú mẹ́rin ìwé kìíní ni. Wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á ṣe agbo. Òdòdó kan ló ń là: agbo á fẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti padé: gbogbo wọn á rìn wọ àárín títí èjìká á fi kan èjìká. Bó bá ti ṣe ẹkùn mẹ́ran rí l'Ábẹ́òkúta, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró nínú agbo, àfi pé kò sí ẹkùn níbí. Ọmọ tí ohùn kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ bá wọn ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tí ọmọ rẹ nílò báyìí nìyẹn.

Bó bá ti kọ́ dùùrù rí, jẹ́ kó gbọ́ "Chōchō", orin labalábá. Ohùn rẹ̀ lè má ṣàjèjì sí i, torí orin àwọn ará Jámánì ni. Ìwé orin iléèwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1881 ló fi ọ̀rọ̀ Japan sí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú 24 yẹn. "Haru yo koi" ni, ìrúwé, máa bọ̀. Ọmọ Itoigawa, ní Niigata wa níbí, ni Sōma Gyofū tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. 1923 ló jáde. Ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ló ti wọ sálúbàtà olókùn pupa, tó ń dúró pé kí ìrúwé dé kóun lè jáde síta. Mo ti ń kọ ọ́ fún ọdún kan kó tó yé mi. Apá olókè là ń gbé nígbà náà. Oṣù kẹta ti wọlé, yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé. Mo gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ti fa sálúbàtà pupa tí mo rà pamọ́ yọ nínú páálí, ó ti osì bọ ọ̀tún, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn. Mo gbé e pọ̀n, a sì jọ kọ ọ́ níbẹ̀. Mi ò lè gbọ́ orin yẹn lónìí kí n má rí àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré méjì yẹn.

Bàbá Àdùkẹ́, Tokyo:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí ó yọ mí lẹ́nu gan-an níbẹ̀rẹ̀.

Etí Yorùbá wa fẹ́ kí ohùn orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ní Tokyo, "haru", ìyẹn ìrúwé, ń sọ̀ kalẹ̀: hárù. Níbẹ̀rẹ̀ "Haru ga kita", ó sọ̀ bẹ́ẹ̀, so-mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ "Haru no ogawa", odò kékeré ìgbà ìrúwé, iṣẹ́ Takano àti Okano yẹn náà ní 1912: mi-so ni "haru" ibẹ̀, ó gòkè! Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn ì bá dà. Níbí, kò sí ẹni tó bìkítà. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ orin fún ọmọ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó fi etí gbà á látinú orin.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú Haru no ogawa tí yóò dùn mọ́ ọn: "sarasara". Bí omi ṣe ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní odò kékeré kan ní Yoyogi ló wà lọ́kàn Takano nígbà tó kọ ọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi náà ń gbà báyìí. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Yoyogi-Hachiman, mo sì ti mú Àdùkẹ́ débẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lé ilẹ̀, ó ní òun ń gbọ́ ọ.

Ìyá Morẹ́nikẹ́:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun, Bàbá Àdùkẹ́. A bẹ̀rẹ̀ Haru ga kita lálẹ́ àná. Ó gba ìbéèrè náà lẹ́nu mi, ó ní èmi ni kí n máa dáhùn. Ó wá ń bèèrè káàkiri ilé, "Doko ni kita?", ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wo abẹ́ tábìlì. Ohùn rẹ̀ jáde, ó ròkè!

Ọ̀kan kù. Wọ́n ń kọ orin kan fún àwọn tó ń lọ ìwé kìíní, tó ní ọmọ náà fẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọ̀rẹ́. Nígbà tó yé e, ó ka tirẹ̀ lórí ìka. Ó jẹ́ méjì. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi sùn. Ṣé kí n yẹra fún orin yẹn ni?

Ìyá Ìbejì, Niigata:

Má yẹra fún un, àbúrò mi. Wọ́n máa kọ ọ́ lójú rẹ̀ lóṣù kẹrin dandan. Orin 1966 ni, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Bèèrè orúkọ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Pe ìyá wọn, kí wọ́n wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ, òun, ọ̀rẹ́ méjì: mẹ́rin ti tó agbo Hiraita.

Ìyá Morẹ́nikẹ́:

Yui àti Sōta lorúkọ wọn. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ìyá wọn. Ìyá Yui ti fèsì pé àwọn ń bọ̀.