Musical, preview, revival: kí la ó pè wọ́n nínú àtòjọ eré sáà tuntun?

Ẹ̀yin ará wa nínú ìjíròrò yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹni tó bi wá léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá ń ṣe àtòjọ eré tuntun ní èdè Yorùbá, fún àwọn tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè lọ wò ní Èkó nígbà ọdún Kérésìmesì, àti ní London àti New York nígbà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti rí ọ̀rọ̀ fún òṣèré, olùdarí, òǹkọ̀wé àti òǹwòran, ṣùgbọ́n musical (eré tí ọ̀rọ̀ àti orin ń gba ara wọn), season (àkókò eré láàárín ọdún), premiere (ìgbà àkọ́kọ́ tí eré jáde), revival (kí a tún gbé eré àtijọ́ jáde) àti preview (eré tí èrò ń wò kí ìṣíde tó dé) ló ń dá òun dúró. Ìdáhùn ti pọ̀ láti ìgbà náà. Èmi náà fẹ́ dá sí i, torí pé ọ̀rọ̀ eré orí ìtàgé jẹ mí lógún gan-an, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a ti fẹnu kò lé lórí kò sì tíì wọ̀ mí létí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín fọwọ́ sí “eré olórin” fún musical. Ó kúrú, ó yọ̀ mọ́ni lẹ́nu, ọmọdé gan-an á mọ ohun tí à ń wí. Ibi tí a máa gbé e sí ló ń kọ mí lóminú. Bí àtòjọ náà bá pín sí méjì, tí a pe apá kan ní “eré orí ìtàgé”, tí a pe apá kejì ní “eré olórin”, ohun tí à ń sọ fún òǹkàwé ni pé eré gidi kì í ní orin, àti pé èyí tó bá lórin nínú ni a ní láti fi àmì sí lára. Bóyá bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ wo ohun tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, kọ sílẹ̀ nígbà tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826. Aláàfin ní kí àwọn eégún aláré ṣeré fún àlejò òun. Àwọn kan kọ́kọ́ jáde nínú àpò, aṣọ bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń fò. Lẹ́yìn wọn ni erè jáde, ejò ńlá tó ń wọ́ káàkiri agbo. Ìkẹta ni òyìnbó: ẹni funfun kan yọ jáde, ó ń fa aáṣáà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí láyé rẹ̀. Láàárín ìran kan sí èkejì, àwọn ayaba ń dá orin, gbogbo èrò tó pé jọ sì ń gbè é. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: èwo nínú apá méjèèjì àtòjọ yẹn ni a ó kọ ti ọjọ́ náà sí? Àwọn tó wà ní agbo kò mọ̀ ju pé eré ni wọ́n wò. Orin ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní 1944. Ìjọ aládùúrà ló ní kó ṣe é, orin ìjọ ni wọ́n sì fi hun ún. Nígbà tó sọ iṣẹ́ náà di ti òwò, tó ń gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, orin kò kúrò níbẹ̀: “opening glee”, orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀, ló fi ń ṣí eré. (Ẹni tó dábàá “ìfáàrà” fún orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ló ni ìfáàrà. Àwọn alárìnjó, àwọn òṣèré tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ti ní orúkọ fún un tipẹ́: ìjúbà. Ká má wá òmíràn.)

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí a yí àmì náà padà. Ẹ jẹ́ kí “eré” lásán, tàbí “eré orí ìtàgé”, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, kí musical máa jẹ́ “eré olórin” bí ẹ ti wí, kí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, tí kò sí orin nínú rẹ̀, náà ní orúkọ tirẹ̀. Ẹnì kan ti pè é ní “eré aláìlórin”. Mi ò fara mọ́ ọn, torí pé ohun tí eré náà kò ní ló fi ń sọ ọ́ lórúkọ. “Ọ̀rọ̀ geere” ti wà nínú ìwé wa fún irú ìwé ìtàn àròsọ tí kì í ṣe ewì. Ẹ jẹ́ ká yá a lò: “eré ọ̀rọ̀ geere”. Kí a má sì gé e kúrú sí “eré ọlọ́rọ̀”, nítorí olówó ni ẹlòmíràn máa gbọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn béèrè bóyá Ọba Kò So tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní 1963 náà máa wọ abẹ́ eré olórin. Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ìdáhùn mi ni pé kò lè wọ ibẹ̀. Nínú musical bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Broadway, àwọn tíátà ńlá New York, àti nínú àwọn tí Bọ́lánlé Austen-Peters, olùdarí eré, ti gbé jáde ní Èkó láti ìgbà Saro ní 2013, ẹ lè na ìka sí ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣèré ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà á dé ibì kan tí ẹnu kò lè gbé e mọ́. Irinṣẹ́ orin á gbà á, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á di akọrin. Bí orin bá parí, èrò á pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á tún máa lọ. Nínú ti Ládípọ̀, kò síbi tí ẹ lè na ìka sí. Ọba ń sọ̀rọ̀, oríkì ni ọ̀rọ̀ náà. Ìlù bàtá dá a lóhùn, ìlù náà sì ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Olórí ogun fi ìjálá sọ ohun tó ń bí i nínú. Bí ẹ bá yọ “orin” kúrò níbẹ̀, ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Àwọn tó kọ Gẹ̀ẹ́sì nípa rẹ̀ sáré pè é ní folk opera, torí pé musical kò gbà á lọ́dọ̀ tiwọn náà. A ti ní “ewì alohùn”, ewì tí à ń fi ohùn ké, nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ wa. Eré ewì alohùn ni kí a pè é. Bí ọ̀dọ́ kan bá tún kọ irú rẹ̀ lónìí, tí a fi “eré olórin” sórí pátákó ìpolówó rẹ̀, ẹni tó bá wá á máa dúró de ìgbà tí orin máa bẹ̀rẹ̀.

Lórí sáà, mi ò ní pẹ́. Ẹni tó ní kí a pa á tì torí pé láti ọwọ́ Lárúbáwá àti Hausa ló ti dé, ẹ dákun, ọ̀nà yẹn náà ni wákàtí àti àlùbáríkà gbà dé, kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn. A ń sọ pé sáà bọ́ọ̀lù, sáà ìkẹ́kọ̀ọ́, sáà kejì gómìnà. Ó yẹ season ti New York dáadáa, nítorí ibẹ̀ ní ààlà: eré tó bá ṣíde lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ̀bùn Tony, ẹ̀bùn àwọn eré Broadway, fi lélẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin, sáà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa kà á mọ́. Èkó kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Eré máa ń pọ̀ nígbà ọdún Àjíǹde àti nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ará wa bá ti òkè òkun dé tí gbogbo ènìyàn sì wà nílé. Ẹ máa kọ “sáà” fún ti New York àti London. Fún ti Èkó, “eré ọdún Kérésìmesì” tàbí “eré ọdún Àjíǹde” ni yóò yé ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọdún ni àwọn eégún aláré náà sì máa ń tẹ̀ lé.

Premiere àti revival le ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Àbá tó pọ̀ jù ni “àkọ́ṣe” àti “àtúnṣe”. Àtúnṣe kò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rí i lórí pátákó pé wọ́n fẹ́ ṣe “àtúnṣe” eré kan á rò pé eré náà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, tàbí pé wọ́n ti yí i padà. Àkọ́ṣe sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí irú pátákó tí à ń rí lójú pópó: AKOSE, láìsí àmì ohùn, láìsí ẹyọ ìsàlẹ̀ kankan. Ohun tí babaláwo fi ewé àti egbò ṣe ni ọ̀pọ̀ máa kà níbẹ̀. Àwọn onítíátà fúnra wọn máa ń sọ pé àwọn “gbé eré kalẹ̀”. Látinú ìyẹn, ẹ jẹ́ ká mú “àkọ́gbékalẹ̀” àti “àtúngbékalẹ̀”. Wọ́n gùn díẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n wọ́n bára mu, kò sì sí àṣìkà níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i.

Ẹ jẹ́ kí a máa sọ ìlú mọ́ ọn pẹ̀lú. Eré Fela!, eré olórin nípa Fẹlá Kútì, ṣíde ní Eugene O'Neill Theatre ní New York ní oṣù kọkànlá 2009, ó sì dé Èkó ní oṣù kẹrin 2011. Tuntun ni lójú ẹni tó wò ó ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni London pàápàá ti rí i ṣáájú. Kì í ṣe àkọ́gbékalẹ̀, kì í sì í ṣe àtúngbékalẹ̀, torí pé eré kan náà ló ń rìnrìn àjò. “Àkọ́kọ́ ní Èkó” ti tó.

Eré yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ ohun tí preview jẹ́ gan-an. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí èrò ń wọlé. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá ni ìṣíde. Ó lé ní oṣù kan láàárín méjèèjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, òṣèré wọ aṣọ eré, ìlù pé, iná pé, owó ló sì mú èrò wọlé. Síbẹ̀ olùdarí ṣì ń gé ibì kan kúrò, ó ń yí ibòmíràn padà bí ó bá ti rí i pé kò dun àwọn tó jókòó, àwọn tó ń kọ àríwísí kò sì ní gbé ohun tí wọ́n kọ jáde títí di ọjọ́ ìṣíde. Nítorí náà, “ìdánrawò” tí ẹnì kan dábàá kò tọ̀nà. Ìdánrawò kì í ní òǹwòran. “Àkọ́wò” náà kò tọ̀nà, torí ojú òǹwòran nìkan ló fi wò ó. Ohun tí mo mú wá ni “ìṣewò”. A máa ń sọ pé “jẹ́ ká ṣe é wò”. Ohun tí wọ́n ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ìṣewò á ti mọ̀ pé ohun tí òun rí lè má jẹ́ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ku àkọlé àtòjọ náà. “Àwọn eré tí à ń fojú sọ́nà fún” ni ó wà níbẹ̀ báyìí, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Òṣogbo. Ní 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn; ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari. Nígbà tí Ládípọ̀ àti Ulli Beier, ará Jámánì kan, ṣí irú rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, àwọn ará ìlú gbọ́ orúkọ náà, etí Yorùbá ni wọ́n sì fi gbọ́ ọ: mbá rí, mbá yọ̀. Bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e. Orúkọ náà kàn mọ́ ilé náà lára, Mbárí-Mbáyọ̀, ibẹ̀ sì ni Ọba Kò So ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ míràn tó sọ bí ó ṣe ń ṣe ẹni tó gbọ́ pé eré tuntun ń bọ̀ tó èyí. Mo fẹ́ kí a fi ṣe àkọlé: “Mbárí-Mbáyọ̀: àwọn eré tó ń bọ̀”. Gbọ̀ngàn ńlá Ìgànmú ní Èkó (National Theatre) tó ṣí ní 1976 ti tún ṣílẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá 2025, pẹ̀lú orúkọ Wọlé Ṣóyínká lára rẹ̀. Gbọ̀ngàn Terra Kulture ní Victoria Island ń ṣiṣẹ́ láti 2017. Ibi tí a ti máa rí i wà, ohun tí a sì máa yọ̀ fún ló yẹ kí àtòjọ náà sọ.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wádìí. Ìdánrawò tó kẹ́yìn, tí wọ́n máa ń wọ aṣọ eré ṣe kí ìṣíde tó dé, àwọn ẹgbẹ́ Ògúndé, Ògúnmọ́lá àti Ládípọ̀ gbọ́dọ̀ ti ní orúkọ fún un láàárín ara wọn lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bí bàbá tàbí ìyá ẹnikẹ́ni nínú yín bá bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pè é, kí àtòjọ náà tó di títẹ̀.