Prince of Persia ti ayé DOS: kò ṣí lórí Windows 11, àti òjìji ipele 12

Ìbéèrè
Ẹ kú ilé o. Fóldà géèmù Prince of Persia ti ayé DOS (ètò kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Windows) ṣì wà lọ́wọ́ mi, PRINCE.EXE wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Windows 11 kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí i. Kí ni ṣíṣe? Ẹ tún bá mi tú kókó kan tó ti wà nílẹ̀ láti kékeré: òjìji tó ń dínà ní ipele 12. Ẹni tó bá gún un, ara rẹ̀ ló ń gún. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọjá?

Ìdáhùn kìíní
Fáìlì yẹn kò bàjẹ́. Géèmù 16-bit ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, Windows 64-bit ti òde òní kò sì gba irú wọn. DOSBox, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà ayé DOS, lẹ máa lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣe fóldà C:\ERE, kí ẹ kó fóldà PRINCE sínú rẹ̀. Ẹ ṣí DOSBox, ẹ tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi Enter tì í lẹ́yìn:

mount c c:\ere
c:
cd prince
prince

Alt+Enter ló ń jẹ́ kó kún ojú kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ ọba tẹ́ ẹ ń darí bá dúró bí ère tí bọ́tìnnì kankan kò ràn án, ẹ tẹ Ctrl+K. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé jọ́sítíìkì ló ń retí.

Ìdáhùn kejì
Ẹ má bá òjìji yẹn jà rárá. Ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ni. Ipele 4 ló ti jáde, nígbà tó fò gba inú dígí kọjá. Bí ẹ bá ti kojú ara yín, ẹ tẹ ọfà ìsàlẹ̀ kí idà padà sínú àkọ̀. Òun náà á ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ wá sáré lọ bá a, ẹ ó di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, àlàfo kan wà tí kò nílẹ̀: ẹ sáré gba orí rẹ̀, ilẹ̀ á máa yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sẹ́yìn.

Egungun ipele 3 ńkọ́? Idà kì í pa á, ó kàn ń tì í sẹ́yìn ni. Ẹ máa tì í títí yóò fi já sí ihò. Níbi irin ṣóńṣó, ẹ di Shift mú kí ẹ rìn lẹ́sẹ̀kọ̀ọ̀kan. Eré sísá ló ń pani níbẹ̀. Jíjábọ́ láti àjà kan kò ṣe nǹkan, àjà méjì gba ẹ̀mí kan, àjà mẹ́ta, ikú ni.

Ìdáhùn kẹta
DOSBox dáa, àmọ́ SDLPoP, ẹ̀dà géèmù náà tí wọ́n tún ṣe fún kọ̀ǹpútà òde òní, ni èmi á ní kẹ́ ẹ lò. Kò nílò mount kankan, F6 ń tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé gan-an, F9 ń gbé e padà. Kò sì ní da yín dúró síbi ìgò tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, èyí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ inú ìwé pẹlẹbẹ tó bá géèmù náà wá látijọ́. Ta ló ṣì ní ìwé yẹn?

Ti DOS, láti ipele 3 ni Ctrl+G, tó ń tọ́jú eré, tó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ipele ló ń dá yín padà sí, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tó kù nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń wọ ipele ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ipele yóò tún gbogbo rẹ̀ rìn, àkókò tó ti lọ kò sì ní padà. Ìṣẹ́jú 60 ni fún gbogbo géèmù, ikú kì í dá a dúró. Spacebar ló ń fi èyí tó kù hàn.

Ìbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé a lè fo àwọn ipele ìbẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé?

Ìdáhùn kẹta
Shift+L ń fò ó títí dé ipele 4. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú 60 yẹn á di 15.