Ẹ̀yìn ìwé ni bàbá yẹn kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bí ẹ ṣe ra àwòrán àkọ́kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Àwòrán òṣèré Kabuki, eré orí ìtàgé àtijọ́ ilẹ̀ Japan, ni mo ń rà, irú èyí tí wọ́n ń fi pákó gbígbẹ́ tẹ̀ sórí bébà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ayédèrú ni, yen 38,000 ni mo sì san lé e. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i. Ẹni tó tà á fún mi ní iṣẹ́ Kunisada, ayàwòrán ará Japan àtijọ́, ni, ó ti lé ní 150 ọdún. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, kò sí àlejò tó wọlé tí n kì í fà lọ síwájú ẹ̀.

Lọ́dún kejì, mo gbé e lọ sí Jinbōchō, àdúgbò àwọn oníwèé àlòkù ní Tokyo, bóyá mo lè fi pààrọ̀ òmíràn. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ò tilẹ̀ wo ojú òṣèré. Ó yọ ìwé náà nínú férémù, ó dà á dojú bolẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ funfun báláú. Ó gbé dígí kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá fún mi, ó ní kí n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré. Àmì róbótó kéékèèké ló tò síbẹ̀, bíi ti fọ́tò inú ìwé ìròyìn. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́! Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ó kàn tẹrí ba, ó dá a padà fún mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ló bá mú ojúlówó kan jáde, ó da òun náà dojú bolẹ̀. Pupa àti búlúù ti là á já sẹ́yìn, bí epo àkàrà ṣe ń la bébà já. Mo rí ipa baren níbẹ̀, ó yí po, yí po. Òun ni nǹkan pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn ìwé kí aró tó wà lára pákó lè mú un. Pákó igi ṣẹ́rì ni wọ́n ń gbẹ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní pákó tiẹ̀.

Kò sí orúkọ òṣèré lára ẹ̀. Ìjọba Edo ti fòfin de àwòrán òṣèré ní 1842 (Edo yìí kì í ṣe ti Benin o, Tokyo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà). Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń yọ orúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá mọ ojú á mọ̀ ọ́n. Àmì onígun mẹ́rin mẹ́ta tó wọnú ara wọn ló wà lára aṣọ: ìdílé Danjūrō nìyẹn, àwọn òṣèré Kabuki tó ń jogún orúkọ yẹn láti ìran dé ìran. Tí Danjūrō bá yọ lórí ìtàgé, àwọn èèyàn á pariwo "Naritaya!", orúkọ ilé wọn. Oríkì ni lójú tèmi. Òǹtẹ̀ ọdún eku (orúkọ ẹranko ni wọ́n fi ń pe ọdún) sì wà létí ẹ̀: 1852. Danjūrō kẹjọ ni. Ní 1854 ló kú ní Osaka, ọwọ́ ara ẹ̀ ló ti wá.

Yen 30,000 ni mo rà á, nítorí kòkòrò ti jẹ etí ẹ̀. Ó dín sí owó ayédèrú mi!

—

Ẹlòmíràn fèsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ Kunichika, ayàwòrán òṣèré bíi Kunisada, ni tèmi. Àwọn kan ní pupa tiẹ̀ ti ń pariwo jù, aró òyìnbó tó gbòde láyé Meiji (1868 sí 1912 ní Japan). Pupa yẹn gan-an ló mú mi. Alábala mẹ́ta ni èyí tí mo ní, bébà mẹ́ta tí wọ́n ń tò pọ̀ di àwòrán kan, àmọ́ àárín nìkan ni mo kọ́kọ́ rí rà: ọkùnrin kan yọ idà, kò sẹ́ni tó dojú kọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ọ̀tá ẹ̀. Nígbà tí mo rí i, oòrùn ti fa àwọ̀ ara ẹ̀ tán, àfi bí ẹni tó ti ń ṣàìsàn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Mo kó wọn sínú àpótí kan náà. Mo ṣì ń wá ẹni kẹta.