Mo gbé ikú ọ̀rẹ́ mi sórí WhatsApp kí wọ́n tó túfọ̀ fún ìyá rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ sì bá mi dá sí i. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni n kò ti rí oorun sùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló kú. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama la ti jọ ń bọ̀. Ẹni ọdún 41 ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ẹnì kan pè mí láti ọsibítù. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ni mo bá wá fọ́tò rẹ̀ jáde, èyí tó ti wọ agbádá aláwọ̀ ewé níbi ìgbéyàwó mi, mo gbé e sórí status WhatsApp mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Sùn re o, ọ̀rẹ́ àtàtà." Aago méje kò tíì lù. Ọlọ́run ló mọ̀ pé kì í ṣe torí kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀fọ̀ náà ló wúwo fún mi, mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi gbé e.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílùú Leeds. Ẹnu iṣẹ́ òru ló wà, ó ń sinmi díẹ̀, ó gbé tíì sọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù sọ́wọ́ òsì. Òun ni ẹni kọkànlá tó wo status mi. Bí mo ṣe rí orúkọ rẹ̀, àyà mi là gààràgà. Kí n tó pa á rẹ́, ó ti pè mí. Kò sọ ju "Bọ̀dá mi, kí ni mò ń wò yìí?" lọ. N kò rí èsì fọ̀. Ó gé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀.

Màmá kò tíì gbọ́. Ẹbí ti ṣètò pé àbúrò bàbá wọn, pásítọ̀, àti nọ́ọ̀sì tó máa ń bá màmá wo ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò lọ túfọ̀ fún wọn ní aago mẹ́wàá. Màmá nìkan ló wà nílé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Igbe ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n fi gbọ́ ikú ọmọ wọn ọkùnrin. Aládùúgbò ló wọlé bá wọn nílẹ̀, ẹ̀wà ti fọ́n ká gbogbo ìyẹ̀wù. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí wọn kò bọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni àbúrò náà ń wálé fún ìsìnkú. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà mẹ́fà, mo ti ka ohùn sílẹ̀ fún un, kò dáhùn. Mo sì wà lára àwọn tí yóò gbé pósí. Ṣé kí n yọjú sí i ni, àbí kí n fara pamọ́ títí wọn yóò fi sìnkú tán? Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Ọmọ mi, o kú ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́. O ṣẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe túfọ̀ ọkọ mi fún mi, kí o lè mọ ohun tí o gbà lọ́wọ́ màmá yẹn. Ìdájí ni wọ́n dé, àwọn mẹ́rin. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu omi fún mi mu. Wọ́n ní ara Bàbá Ìbejì ni kò yá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ikú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti lọ dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lábẹ́ abíyá mi kí n tó ṣubú. Títí dòní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ọwọ́ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kò sí ọwọ́ kankan lábẹ́ abíyá màmá ọ̀rẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà.

Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ni kí o kọ́kọ́ lọ. Mú àgbà kan dání láti inú ẹbí tiwọn. Dọ̀bálẹ̀, má ṣàlàyé. Ìyá ni yóò bá ọ bẹ ọmọ.

Awakọ̀ kan, Agége:
Ẹ dákun, ẹ má di gbogbo ẹrù lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Ta ló pè é láti ọsibítù ní aago mẹ́fà tí kò sọ fún un pé ìyá kò tíì gbọ́? Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ fi gbọ́ kí ọmọ ìyá ó tó gbọ́? Aago mẹ́wàá tí ẹbí dá dára láyé ìgbà tí gbogbo wa wà ní agboolé kan. Nísinsìnyí tí ọmọ wà ní Leeds, ẹbí náà ní ẹjọ́ tiwọn láti rò.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Òótọ́ ni ìwọ náà sọ. Ṣùgbọ́n kó má mú ìyẹn dé iwájú màmá o.

Ọmọ Alùfáà, Ìlọrin:
Ní tiwa, a kì í fi òkú sílẹ̀ pẹ́, ọjọ́ tó kú náà la máa ń sin ín bó bá ṣeé ṣe, nítorí náà ìròyìn gbọ́dọ̀ yára. Síbẹ̀ a máa ń yan ẹnì kan tí gbogbo ìpè yóò máa ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló di fóònù mú. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà kan síbì kankan títí ó fi sọ pé, "Ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn." Kò ju wákàtí kan lọ.

Tíṣà fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2015 ni Ọ̀ọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé wàjà nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ìròyìn ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìjòyè Ifẹ̀ sì ń sọ fún oníròyìn pé ara ọba le. Ó di oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òpùrọ́ ni wọ́n. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ìkéde ni wọ́n ń dúró dè. Tọba tará ìlú, ikú lẹ́ni tó yẹ kó sọ ọ́, ó sì lẹ́ni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àbúrò mi, wọn kò rán ọ níṣẹ́ yìí rárá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, Birmingham:
Mo sunkún bí mo ṣe ń ka èyí. Àwa tí a wà níbí, bí ẹni ilé bá ṣàdédé gbé fọ́tò ẹnì kan sókè, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, ara wa kì í balẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ túfọ̀ fún ẹni tó wà lókè òkun, ẹ má pe òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pe ọkọ rẹ̀, ẹ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ pe pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀, kí ẹnì kan lè jókòó tì í kó tó gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Fọ́tò wo ló wà lójú WhatsApp yín báyìí? Bó bá jẹ́ ti olóògbé ni, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, àwòrán yẹn náà ló tún ń rí.

Ẹni tó béèrè:
Yéè! Òun gan-an ló wà níbẹ̀, fọ́tò agbádá yẹn kan náà. Mo ti yọ ọ́ báyìí. Ẹ ṣeun, mà.

Ẹni tó béèrè, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin:
Mo lọ. Èmi, ìyàwó mi, àti àbúrò bàbá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, n kò sọ ju "Ẹ forí jì mí, mà" lọ. Màmá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kí lo kọ sábẹ́ fọ́tò náà?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n bi ìyàwó mi bóyá a ti jẹun.

Wọ́n ti bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní èmi àti àbúrò bàbá wọn ni kí a jọ lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà lọ́jọ́ Ẹtì, kí àgbà ṣíwájú, kí n tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Lálẹ́ àná ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi: "Bọ̀dá, màmá ti sọ fún mi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wa máa balẹ̀." N kò fèsì ju "Ó dáa, àbúrò mi" lọ.