Bátìrì kú ni, àbí ó dákú? Ìdáhùn lórí orúkọ tí a fẹ́ fún ọ́tánétọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀gá tó dá ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá fún àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ sílẹ̀ ní kí á máa pe bátìrì ọkọ̀ ní "àpótí iná", kí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè máa ṣáàjì bátìrì, máa jẹ́ "amúnáwá ọkọ̀", kí ṣáàjì sì di "ìgbaná". Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan fèsì pé àpótí kò bá a mu, pé "àgbá iná" ló yẹ. Láti ìgbà náà, àpótí àti àgbá là ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe orúkọ ló wọ́n wa níbí, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ọkọ̀ tó ti dàgbà ni mò ń wà, mo sì ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́.

Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé "bátìrì mi ò ṣáàjì". Gbólóhùn yẹn bo àìsàn mẹ́rin tí kò bára wọn tan mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ́tánétọ̀ ò rán iná jáde rárá. Ó lè jẹ́ pé ó ń rán an, àmọ́ iná ò dé orí bátìrì. Ó lè jẹ́ pé iná dé, bátìrì ni ò gbà á, tàbí kó gbà á kó má lè dì í mú. Ó sì lè jẹ́ pé kálukú ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, nǹkan kan ló ń fa iná náà lóru lẹ́yìn tí a ti pa mọ́tò. Tí a bá jí tí a bá àmù ní gbígbẹ, ẹni tó yẹ kó pọnmi lè má lọ sódò, omi lè dànù lọ́nà, àmù lè ti là, ẹnì kan sì lè máa bù ú mu lóru. Kò sẹ́ni tí í ra àmù tuntun láìbèèrè èwo ló ṣẹlẹ̀. Bátìrì ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni à ń ra tuntun lọ́jà Ládípọ̀ ní Èkó àti ní Gate ní Ìbàdàn nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan "amúnáwá", torí òun ni ọ̀pọ̀ yín tẹ́wọ́ gbà. Nílé wa, amúnáwá ni àwọn tó ń ta iná fún wa tí wọn kì í mú un wá. Amúnáwá náà ni jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Tí ẹ bá tún sọ ọ́tánétọ̀ ní amúnáwá, tí mo wá ní "amúnáwá mi bàjẹ́", ta ni kí ẹ bá mi pè?

Èyí tó burú jù ni pé orúkọ náà ò sọ òtítọ́ nípa ẹ̀rọ ọ̀hún. Ọ́tánétọ̀ kì í dá iná sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fún un níná. Inú rẹ̀ ni wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin wà, tí fanbẹ́líìtì ń yí. Irin yẹn gbọ́dọ̀ di òòfà kí iná tó lè jáde, ọ̀dọ̀ bátìrì ló sì ti ń gba iná ìbẹ̀rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di òòfà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, inú gílóòbù pupa kékeré tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ni iná ìbẹ̀rẹ̀ yìí ń gbà kọjá. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù tàn: iná ń lọ sí ọ́tánétọ̀ nìyẹn. Ẹ ta mọ́tò, ọ́tánétọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gílóòbù di ọgbọọgba, ó kú. Tí gílóòbù ọ̀hún bá ti jóná, ọ́tánétọ̀ tó dáa ṣáká lè jókòó láìrán nǹkan kan jáde, tàbí kó má jí àfi tí ẹ bá tẹ ẹ́ńjìnnì dáadáa. Mo ti rí i tí wọ́n tú ọ́tánétọ̀ palẹ̀ nítorí gílóòbù.

Ẹ sì wo àwòrán tí wọ́n yà sára gílóòbù náà: bátìrì ni, pẹ̀lú àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò. Ọ̀rọ̀ ọ́tánétọ̀ ló ń sọ, orúkọ bátìrì ló ń dá! Tó bá tàn lójú ọ̀nà, ohun tó ń wí ni pé ẹni tó yẹ kó máa rán iná kò rán an mọ́, àti pé ìwọ̀nba tó wà nínú bátìrì lẹ fi ń rìn. Ẹ máa pa rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì wo fanbẹ́líìtì. Bí bẹ́líìtì bá já, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń yí páǹpù omi, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná kí bátìrì tó tán. Ṣùgbọ́n kí ni awakọ̀ ń rò? Àwòrán bátìrì ló rí, bátìrì ló lọ rà. Nítorí náà ni mo ṣe ní orúkọ tó ń ṣini lọ́nà burú ju àìlórúkọ lọ.

Ó wá kan "bátìrì kú", gbólóhùn tó ná wa lówó jù lọ. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó dákú àti ẹni tó kú. Kí ló dé tí a ò fi í lò ó fún bátìrì? Mítà kékeré lásán tó bá ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ má ta á, kí ẹ wọn orí bátìrì. Tó bá jẹ́ 12.6 fólítì tàbí díẹ̀ lé, ó yó. 12.2 sún mọ́ ìdajì. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 11.9, ó dákú. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ níta jẹ́jẹ́, kó sinmi, kó padà sí 12.6. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ta mọ́tò kí ẹnì kan máa wo mítà: nígbà tí kíkísítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kó já sísàlẹ̀ bíi 9.6. Bí ó bá dúró níbẹ̀, dídákú ló dákú, ó ti jí, ẹ wá ẹni tó lù ú lórí kiri. Bí ó bá já wálẹ̀ sí 7 tàbí 8, ó kú nìyẹn, ẹ lọ ra tuntun láìbínú. Èyí tó ń dúró sí 10.5 láìka gbogbo ìṣáàjì sí, yàrá kan ló kú nínú rẹ̀: yàrá mẹ́fà ni bátìrì ọkọ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1 wá.

Ìdákú tó bá pẹ́ sì máa ń di ikú. Òjé ni àwọn pátákó inú rẹ̀, nínú omi ásíìdì. Nígbà tí iná bá ń tán, òjé àti ásíìdì á jùmọ̀ di ìyọ̀ funfun kan lára pátákó. Tí ẹ bá tètè ṣáàjì rẹ̀, ìyọ̀ náà á yòrò padà. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, á gan, kò sì ní gba iná mọ́. Ooru tún ń bá a ṣiṣẹ́ yìí kíá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òtútù ni òtútù ń tú àṣírí bátìrì yín, ooru ló ń pa tiwa.

Etí náà ń bá wa sọ̀rọ̀, èdè wa sì lọ́rọ̀ níbí ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Kíkísítátà tó ń dún kẹkẹkẹkẹ láìyí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ ìgbà iná bátìrì ló kéré tàbí kí orí rẹ̀ má dì. Èyí tó dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dákẹ́, tí iná iwájú ò sì ṣe bàìbàì, ẹ wo kíkísítátà fúnra rẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún rìwáyà lórí fóònù, á ti mọ irinṣẹ́ tó máa gbé dání. A ò ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan fún un.

Ẹ wo ọkọ̀ àbúrò mi, Corolla àwọn ọdún 1990. Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ti fi ọ́tánétọ̀ tókúnbọ̀ sí i, ó ṣì ń dákú. Ọmọkùnrin rìwáyà kan tó bá a wò ó ní Mọ́kọ́lá ò tú nǹkan kan kó tó yọ mítà. Ó ní kí wọ́n ta mọ́tò, kí wọ́n tan iná iwájú àti fáànù. Ó gbé ẹnu mítà méjèèjì lé orí bátìrì: 12.5. Tí mọ́tò bá wà ní títa, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni bíi 13.8 sí 14.5. Ó ṣí ẹnu pupa kúrò, ó fi kan ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ gan-an, níbi tí wáyà nínípọn ti jáde: 14.3. Ó wojú wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń rán an o. Kò dé ibẹ̀ ni." Ó wá fi ìka tọ wáyà náà títí, ó dé ibì kan lẹ́bàá bóòtù, ó rí i pé rọ́bà ibẹ̀ wú. Ó fi ọ̀bẹ là á. Bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, fọ́nrán díẹ̀ ló kù tó so mọ́ra. Wọ́n gé e, wọ́n fi orí tuntun sí i, bátìrì ń rí 14.1 gbà.

Ẹ tún gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí: ó ń rán an, kò dé ibẹ̀. Kò dárúkọ ẹ̀rọ kan nínú gbólóhùn méjèèjì, gbogbo wa sì lóye. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. *Rán, dé, gbà, dì mú, fà*: a ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe márààrún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí mítà ti ń wọ̀n ọ́n. "Ìgbaná" tí ọ̀gá wa dábàá kó rírán àti gbígbà sínú àpò kan, bí ṣáàjì ṣe ń ṣe é, nítorí náà kò tún nǹkan kan ṣe.

Wọ́n á ní àwọn àgbà mẹkáníìkì ò nílò mítà, pé wọ́n kàn ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí mọ́tò ò bá kú, ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jáwọ́. Ayé dáínámò, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́tánétọ̀ láyé àtijọ́, ni àṣà yẹn ti wá, kó tó di pé ilé iṣẹ́ Chrysler fi ọ́tánétọ̀ sínú ọkọ̀ Valiant ní 1960 tí àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Dáínámò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rán nǹkan kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ́tánétọ̀ ń rán an bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń mí jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n tí bátìrì bá já kúrò níwájú rẹ̀ lójijì, fólítì á fò sókè kọjá ààlà, á jó dáyọ́ọ̀dù inú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, á sì lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Ní ti fífà lóru: kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ọkọ̀ sinmi díẹ̀, kí mítà wà láàárín wáyà àyọkúrò àti orí bátìrì. Tí ohun tó ń kọjá bá ju ìdá ogún ámpíà kan lọ dáadáa, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi já. Rédíò tí wọ́n fi kún un, álááàmù, gílóòbù búùtù tí kì í kú: irú wọn ló lè máa fà á. Bí gbogbo fíúsì bá tán tí kò já, ẹ yọ wáyà ọ́tánétọ̀, torí dáyọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ lè máa fa iná bátìrì padà ní gbogbo òru. Amúnáwá yín ti di olè nìyẹn.

Àpótí àti àgbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí bátìrì máa jẹ́ bátìrì. Òyìnbó gan-an ò rí orúkọ rẹ̀ sọ. Orúkọ ọ̀wọ́ àgbá ìjà ni Benjamin Franklin yá nǹkan bí 1749 fún àwọn ìgò iná tó tò pọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn títí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gaston Planté, fi ṣe ti òjé ní ilẹ̀ Faransé ní 1859. "Àpótí iná" sì ti ní ọlọ́jà tẹ́lẹ̀: ibi tí fíúsì wà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣì ṣòro fún mi. Tí régúlétọ̀, ohun tó ń kó fólítì ọ́tánétọ̀ níjàánu, bá bàjẹ́, tí ọ́tánétọ̀ ń rán ju 15 fólítì lọ, bátìrì á máa hó, á rùn bí ẹyin tó ti dọ̀bu, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ sì lè bú gbàmù tí iná bá kàn án. "Ó ń ṣáàjì jù" ni wọ́n ń wí. Mo fẹ́ "ó ń rọ ọ́ yó", àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó jọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń rọ lágbo. Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ẹ fi èdè Faransé kọ́ iṣẹ́ mọ́tò, orúkọ tí ẹ ń pe ẹ̀rọ náà á yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni rìwáyà yín máa ń lò fún èyí?